Kí Wọ́n Tó Ta Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀

Ẹbí apẹja ní ẹsẹ̀ odò Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kì í ní ilẹ̀ púpọ̀ tí yóò tà bí ọmọ bá fẹ́ lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó níye lórí lọ́wọ́ wọn ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àwọ̀n, àti owó èsúsú ìyá tó ń ta edé gbígbẹ. Bí wọ́n bá ti san owó ilé ìwé, tí ọmọ sì ti wọ bàálù, gbogbo ilé á gbà pé ó ti bọ́. Kò tíì bọ́: ọ̀rọ̀ físà tí yóò fi wá iṣẹ́ lẹ́yìn ìwé ṣì kù.

Ní 2012, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí físà tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́jáde dúró wá iṣẹ́. Oṣù Keje 2021 ni wọ́n tó dá irú rẹ̀ padà: ọdún 2 fún oyè kìíní àti másítà, ọdún 3 fún ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó bá gboyè kìíní tàbí másítà, tó sì tọrọ físà náà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 2027, oṣù 18 ni yóò rí gbà. Owó físà náà, pẹ̀lú owó ìlera ọdún 2, á tó bíi £3,000, físà ọ̀hún kò sì ṣeé sọ dọ̀tun.

Ohun tó ń tan ọmọ jẹ níbẹ̀ ni pé físà náà fàyè gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́. Ó lè máa tọ́jú arúgbó, ó lè máa di ẹrù ní ilé ìkẹ́rù. Owó ń wọlé, díẹ̀ ń bọ̀ nílé, bàbá ń yọ̀, oṣù sì ń lọ. Iṣẹ́ tí yóò mú un dúró yàtọ̀: ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ ìjọba láti ṣe onígbọ̀wọ́ àjèjì ni yóò fún un. Owó ọdún tí òfin ní kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa san kúrò ní £26,200, ó di £38,700 ní oṣù Kẹrin 2024, ó tún di £41,700 ní oṣù Keje 2025. Ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó ń ti ilé ìwé bọ̀: £33,400 lè tó fún un, bí iṣẹ́ náà kò bá ní iye tirẹ̀ tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ọdún 4 péré ni ẹ̀dínwó náà, wọ́n sì ń ka ọdún tó fi wá iṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tó fi ọdún 2 di ẹrù ti jẹ ìdajì rẹ̀ tán.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń pe ọmọ tí kò rí irú iṣẹ́ yìí ní ọ̀lẹ ń purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò ní àṣẹ ìgbọ̀wọ́ rárá. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní in ń san ju £1,000 lọ lọ́dún fún ìjọba lórí àjèjì kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó yẹn bí ọmọ bá bọ́ sí iṣẹ́ tààrà láti orí físà akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tó dára jù láti wá iṣẹ́ nìyẹn, nígbà tó ṣì wà ní kíláàsì. Àwọn baba Ìlàjẹ tó tẹ̀lé ẹja dé Kamẹrúùnù àti Gàbọ́n kò dúró kí omi fà tán kí wọ́n tó ti ọkọ̀.

Aṣojú ilé ìwé kò ní sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. (Ilé ìwé ló ń san owó rẹ̀, lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá.) Bẹ́ẹ̀, orúkọ gbogbo onígbọ̀wọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹbí lè wò ó kí wọ́n tó yan ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa kà.

Àwọn kan á ní kí ọmọ tí kò rí iṣẹ́ máa bọ̀ nílé nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ líle. Ní Ayétòrò, ìlú etí òkun ní Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ọmọ ibẹ̀ lè padà dé kó má bá yàrá tó ti jáde.

Àjọ NDDC máa ń fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ elépo ní owó láti lọ kàwé lókè òkun, àjọ OSOPADEC sì wà fún agbègbè elépo Oǹdó. Kí àwọn méjèèjì gbé ẹni tó mọ òfin físà àti iṣẹ́ jókòó sí Ìgbọ́kọ̀dá ní Ìlàjẹ, kí ẹbí tó bá ń gbé ẹ́ńjìnnì lọ sọ́jà lè kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀.