Ta ni yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò?

Ẹni tó bá ń gbé láàárín àwọn èèyàn wa ní London á ti gbọ́ nípa àwọn tó lọ gé àpòlúkù ní Istanbul kí wọ́n lè dín sísanra kù. Owó kan náà ni wọ́n ń san fún hòtẹ́ẹ̀lì àti iṣẹ́ abẹ, ọ̀sẹ̀ kan kì í sì í pé tí wọ́n fi ń dé. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú nítorí ara tó sanra jù, iṣẹ́ abẹ yìí máa ń ràn án lọ́wọ́ gan-an. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ ni mò ń bá wí, torí wọn kì í dárúkọ ọdún tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni pé kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà máa mójú tó aláìsàn fún ọdún 2 ó kéré tán, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ó nídìí. Àpòlúkù tí wọ́n gé, tàbí ìfun tí wọ́n darí gba ibòmíràn, kì í fa fítámì B12 àti èròjà iron tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹni tó bá sì ń bì láìdáwọ́ dúró, àìtó fítámì B1 lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n má po àgbo fún un.

Ẹ wo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí lóde àríyá. Ó fi ṣíbí bu ẹja díẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ kúnná, kò sì fẹnu kan omi, torí nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ló ní láti dúró lẹ́yìn oúnjẹ kó tó mu ún. Ni àǹtí kan bá pariwo: "Àbúrò, ṣé ara rẹ ò yá ni? Gba iyán, jàre!" Tó bá fi ìtìjú gbé òkèlè ńlá mì, ó lè há a láyà. Ọtí mọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé tẹ̀ lé e, ṣúgà inú rẹ̀ lè mú kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kí òógùn bò ó. Àǹtí, ẹ jẹ́ ó jẹun tirẹ̀.

Kí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà tó sanwó, kó bá GP rẹ̀, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kó gba àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe fún un, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn obìnrin tó ti ń wá ọmọ, kí wọ́n gbọ́ èyí dáadáa: bí ara bá ti ń jọ̀, oyún lè yára dúró, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà ní kí wọ́n sún un di oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Oògùn ìfètòsọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń gbé mì náà lè má ṣiṣẹ́ tó mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti darí ìfun.