Ẹ Má Pè É Ní Títò Lásán

Bí ẹ bá ti dárúkọ Air Beetle, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí wọ́n ṣe ní Kàdúná fún àwọn ológun òfuurufú wa ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹnìkan á yọ ṣùtì: "Ṣebí RV-6A ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kó wá tò!" Ẹ gbọ́ ná! Télọ̀ tó rán agbádá yín, ṣé òun ló hun aṣọ?

Òótọ́ ni, ara RV-6A ni wọ́n ti yọ ọ́, ọkọ̀ tí ará Amẹ́ríkà máa ń rà ní ègé-ègé nígbà náà, tó máa ń kàn nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì, ríra ni, mo gbà. Àmọ́ òfin ibẹ̀ ní ẹni tó ń kàn án fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ páànù rẹ̀ ni kò ní ihò. Òun ni yóò wọ̀n ọ́n, yóò lu ú, yóò ha etí ihò, kó tó fi ríbẹ́ẹ̀tì dè é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ríbẹ́ẹ̀tì! Mọ́tò tó bá kú lọ́nà, ẹ ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lókè ńkọ́?

Ẹni tó bá ṣì ní títò lásán ni, kó lọ fi ríbẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá péré so páànù méjì pọ̀, kó sì gbà kí wọ́n fi gbé òun fò.