Ojú Kámẹ́rà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà

Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fèsì sí lẹ́tà tí ọ̀dọ́ ayàwòrán kan kọ sí ojú ewé yìí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi owó ṣòfò lórí lẹ́ǹsì kámẹ́rà mọ́, nítorí pé sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà lè sọ fọ́tò burúkú di dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọmọ mi ọkùnrin tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ó gé e nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ má rò pé arúgbó tí kò mọ ohun tó ń lọ ló ń sọ̀rọ̀. Ọdún 1974 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Òṣogbo níbí, nígbà tí fíìmù kan ń mú méjìlá péré, tí ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣòfò yóò gba ìfọ́tí lọ́wọ́ ọ̀gá. Àwa náà ń tún fọ́tò ṣe nígbà náà o. Pẹ́ńsùlù tó mú ṣóńṣó la fi ń kun nẹ́gátíìfù kí ojú oníbàárà lè dán. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, tí ìyá wọn sì fẹ́ fọ́tò àwọn méjèèjì, èyí tó kù la ó yà, a ó wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà nínú yàrá òkùnkùn, bí ẹni pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ obìnrin, tí èyí tó kù jẹ́ ọkùnrin, a ó wọ aṣọ obìnrin fún un, a ó sì tún un yà. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1978, lẹ́yìn tó wá wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, n kò ka títún fọ́tò ṣe sí ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn, ojú tí kámẹ́rà rí ló wà lórí ìwé. A kò dá ojú mìíràn sí i.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ránṣẹ́ sí wa pé òun fẹ́ ya fọ́tò. Ara wọn kò le, wọn kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀ ti ń ṣú, iná kò sì sí. Ọmọ mi gbé kámẹ́rà lọ pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó bá a wá nínú páálí. Lẹ́ǹsì náà kò rí ìmọ́lẹ̀ gbà, ló bá gbé ISO sókè títí, fọ́tò wá rí bí ẹni pé wọ́n da gaàrí lé e lórí. Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi sọ́fítíwíà rẹ̀ nù ún. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí gbogbo rẹ̀ fi dán bí orí àwo. Kí n má purọ́, èmi fúnra mi yìn ín.

Ìyá náà papò dà ní oṣù kẹjọ. Ọmọ wọn obìnrin wá pé kí a bá àwọn tẹ fọ́tò náà ní ńlá fún ìsìnkú. Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní, "Bàbá, àbàjà ìyá mi dà?" Ìgbà náà ni èmi náà tó rí i. Kọ̀ǹpútà ti ka ilà ojú ìyá olóyè sí ìdọ̀tí, ó ti gbá a mọ́ gaàrí yẹn lọ. Ọmọ mi sì ti fi èyí tó túnṣe bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, kò sí èyí tí a lè padà sí. Láti bí ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tó ya ìyá yẹn ní fọ́tò mìíràn. Òun náà ni wọ́n lò. Níbi ìsìnkú, àna wọn kan ń bèèrè lẹ́yìn mi pé ta ló wà nínú pósítà yẹn, mo dorí kodò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe onífọ́tò. Ihò kan wà nínú lẹ́ǹsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, wọ́n sì máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i lára. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń fẹ̀ tó. Lẹ́ǹsì inú páálí yẹn, bí ẹ bá fà á jáde tán láti ya ojú ènìyàn, 5.6 ló ń dúró sí. Lẹ́ǹsì 50mm kékeré tí mo ń bá ọmọ mi jà lé lórí ń ṣí dé 1.8. Ìmọ́lẹ̀ tí èyí ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti tọ̀hún. Nínú yàrá ìyá yẹn, bí ẹni tan àtùpà ni ì bá jẹ́. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní ọdún 1968, tó sì kú ní 2014, ẹ lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ kò ní lè tọ ipa irun náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọdún 1990 ni Photoshop ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sáyé.

N kò sọ pé lẹ́ǹsì náà kò lálèébù. Kì í fà, kì í sún. Bí ẹ bá fẹ́ ya ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú pálọ̀, ẹ̀yìn yín yóò kan ògiri kí gbogbo wọn tó wọnú fọ́tò, lẹ́ǹsì àtijọ́ ni kí ẹ lò níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣí i tán pátápátá, ojú á hàn kedere, etí á ṣú, àwọn ọ̀dọ́ ní ẹwà nìyẹn.

Ti owó ńkọ́? Láti ọdún 2013 ni àwọn Adobe tó ni Photoshop ti kéde pé ẹ̀dà tuntun kò ní sí ní rírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́, owó sísan lóòrèkóòrè ni. Dọ́là kò sì mọ̀ pé òde kò sí lóṣù yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì, kí ọdún 2024 tó parí ó ti kọjá 1,500. Òótọ́ ni pé dọ́là gbé owó lẹ́ǹsì náà sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan la ó san án, tiwa ni títí. Tòkunbọ̀ pàápàá dára, kí ẹ ṣáà gbé e sí iná tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ẹ dá a padà, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́. Àtúnṣe fọ́tò tí kò ju kí a mú u mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí a gé etí rẹ̀, GIMP àti darktable ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ mi ní wọ́n le láti kọ́. Mo ní nẹ́gátíìfù náà le láti fi pẹ́ńsùlù kùn.

Owó àjọ wa yóò bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní ìparí oṣù yìí, kò sì lè ra méjèèjì. Èmi ni mo ń dá àjọ náà, lẹ́ǹsì la ó rà. Ọmọ mi ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kò tíì gbà, ṣùgbọ́n ó ti yọ lẹ́tà yẹn kúrò lára ògiri.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Onífọ́tò,
Òṣogbo.