Ẹ Fún Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àsìkò Tó Tọ́ Sí I

Olùkọ́ yunifásítì tó bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú pé "ọjọ́ ti pé, mi ò gba iṣẹ́ mọ́", kò gbèjà ìmọ̀ kankan. Ẹni tí ìyà ti jẹ tẹ́lẹ̀ ló tún ń fi ìyà jẹ. Èrò tèmi nìyí, mi ò sì ní fi igbá kan bọ̀kan nínú: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́ràn, ẹni tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń dá dùbúlẹ̀, aboyún àti ìyá ọmọ tuntun, gbogbo wọn ló yẹ kí òfin yunifásítì fún ní àfikún àsìkò lórí iṣẹ́ wọn. Kí wọ́n má kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó rí i gbà.

Ní Igolo níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹnu bodè la wà, Ìdí-Ìrókò ti Nàìjíríà ló kọjú sí wa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó yege BAC, ìdánwò àṣejáde girama, ló ń forí lé yunifásítì Abomey-Calavi. Wọ́n á gun ọ̀kadà zémidjan, wọ́n á wọ takisí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), wọ́n á tún wọ òmíràn lọ sí Kútọnu, kí wọ́n tó wá ọ̀nà dé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ìrìn yẹn ń rẹ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹ ro ti ọmọ tó ń fi igi rìn wò, tó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kó iṣẹ́ àwọn yòókù wọlé tán.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn tó ń pariwo pé àfikún àsìkò yóò ba iyì ìwé-ẹ̀rí jẹ́, a kò gbọ́ ohùn wọn nígbà tí wọ́n ń ta ìwé-ẹ̀rí lójú gbogbo wa. Ní ìparí oṣù kejìlá ọdún 2023, oníròyìn Nàìjíríà kan, Umar Audu ti ìwé ìròyìn Daily Nigerian, fi hàn pé òun gba dìgírì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó tiẹ̀ fi ìwé náà wọ iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà fi dá àyẹ̀wò àti ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta gidi jókòó kàwé bá wọn pín nínú ìtìjú náà. Àsìkò tí wọ́n gé kúrù ló ba orúkọ wa jẹ́. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ rí nítorí pé ó fún arọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ẹ wo ètò tí àwọn yunifásítì fúnra wọn ń tẹ̀lé. Láti ọdún 2007 ni UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná CFA, ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ gba ètò oyè LMD (Licence, Master, Doctorat) wọlé. Crédit 180 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kó jọ kó tó gba Licence, 120 sí i kó tó gba Master. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni crédit ń wọ̀n: wákàtí tó lò ní kíláàsì àti èyí tó fi dá kàwé. Èyí tó bá sì ti gbà, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wo ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà pé pérépéré, tó fi ọjọ́ mẹ́wàá pẹ́, fi di ẹni tí kò ṣe nǹkan kan?

Ibi tí ọjọ́ mẹ́wàá náà ti ń wá gan-an ni kí ẹ bá mi wò. Olùkọ́ á gbé ìwé kalẹ̀ ní ilé fọ́tókọ́pì. Ìwé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ fọ́tókọ́pì tí wọ́n ṣe láti ara fọ́tókọ́pì mìíràn, lẹ́tà rẹ̀ ti ṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ríran á rà á lówùúrọ̀, á kà á tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Afọ́jú á kọ́kọ́ wá ọ̀rẹ́ tí yóò kà á sókè fún un, nígbà tí ọ̀rẹ́ náà bá ráyè. Á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, á tún un gbọ́, á tún un gbọ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìdáhùn. Bí wọ́n bá fi ìwé náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fọ́tò lásán ló sábà máa ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ohùn inú fóònù tó ń ka ìwé fún afọ́jú kì í sábà rí ọ̀rọ̀ kà dáadáa nínú fọ́tò. Tó bá rí i ní Braille pàápàá, ìka kì í yá bí ojú. Nítorí náà, yunifásítì ló jẹ ọjọ́ mẹ́wàá yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá dá a padà fún un, gbèsè ló san.

Fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́? Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ AS, tí òbí fi lè bí ọmọ tó ní àìsàn yìí, ẹ̀jẹ̀ wa níhìn-ín kò sì jìnnà sí tiwọn. Ìrora egungun kì í wo kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́ kó tó dé. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá dé ni wọ́n ń ní kí ọmọ náà mú ìwé dókítà tuntun wá, bí ẹni pé àìsàn tí wọ́n bí mọ́ ọn ti lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwà ìkà ni.

Àwọn yunifásítì mọ bí wọ́n ṣe ń sún ọjọ́ síwájú nígbà tó bá kan àwọn fúnra wọn. Lódì kejì bodè, ẹgbẹ́ olùkọ́ ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n tún kàlẹ́ńdà tò. Mi ò ní wọn kò ní ìdí láti daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tó lè yí odindi ọdún padà fún ara rẹ̀ kò lẹ́nu láti sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn kò ṣeé ṣe.

Òfin kọ́ ló sì kù. Benin fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá ní ọdún 2012. Abala 24 rẹ̀ dárúkọ ẹ̀kọ́ gíga ní tààrà, ó ní kí wọ́n tún ètò ṣe bó ṣe bá ipò akẹ́kọ̀ọ́ mu. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, a tún ṣe òfin tiwa, nọ́ńbà 2017-06, láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn. Nàìjíríà ní tirẹ̀ láti ọdún 2019, JAMB, àjọ ìdánwò ìwọlé yunifásítì wọn, sì ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola tó ń ṣètò ìdánwò àwọn afọ́jú lọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹjọ́ dá yunifásítì Bristol lẹ́bi ní ọdún 2022 nítorí pé kò yí ọ̀nà tó ń gbà dán akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí àìsàn ìbẹ̀rù bá jà wò padà. Ọmọ náà ti kú kí ìdájọ́ tó dé. Ṣé a fẹ́ dúró de ìyẹn níbí ni?

Wọ́n á ní àwọn ọ̀lẹ yóò wọlé. Òótọ́ ni, àwọn kan yóò gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí à ń tọ̀ lónìí ló rọ̀ ọ̀lẹ lọ́rùn jù: ẹni tó mọ olùkọ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ láago, ń rí ọjọ́ gbà láì ṣàìsàn rárá, nígbà tí ọmọ alágbẹ̀ láti Banigbé ń gba òdo. Wọ́n á tún ní akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn ńlá, olùkọ́ kò lè máa gbọ́ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó wà lọ́wọ́ olùkọ́ rárá.

Kí ọ́fíìsì kan ṣoṣo wà ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ìwé dókítà lọ lẹ́ẹ̀kan péré, tí ìwé náà yóò sì gbéṣẹ́ títí yóò fi gboyè. Kí ọ́fíìsì náà dáhùn láàárín ọjọ́ márùn-ún, ní kíkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, kí ìdákẹ́ wọn dúró fún bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tuntun nìkan ni kí olùkọ́ rí, kò kàn án láti mọ irú àìsàn tí ọmọ ọlọ́mọ ní. Máàkì kankan kò gbọ́dọ̀ dín, ìbéèrè kankan kò sì gbọ́dọ̀ rọrùn ju ti àwọn yòókù lọ. Kí olùkọ́ tó bá kọ̀ rí ìjìyà tirẹ̀.

Mo ń bẹ àwọn aṣòfin tó ń ṣojú wa láti ẹkùn Plateau ní Benin níbí: nígbà tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ gíga bá tún wá síwájú yín, ẹ bi í pé láti ọdún 2017, akẹ́kọ̀ọ́ akanda ẹ̀dá mélòó ni yunifásítì ìjọba kọ̀ọ̀kan ti fún ní àfikún àsìkò ní kíkọ sílẹ̀. Bí kò bá ní iye kankan láti kà fún yín, ẹ má fọwọ́ sí ìṣúná rẹ̀ títí yóò fi mú un wá.