Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ìbẹ́pẹ Pawó, Kó Tètè Mọ Akọ Yàtọ̀ sí Abo

Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń ta irúgbìn ìbẹ́pẹ máa ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ kówó lé oko. Bí àlàfo mítà méjì ààbọ̀ bá wà láàárín igi kan sí èkejì, hẹ́kítà kan máa gba igi 1,600. Wọ́n á ka iye èso tó wà lórí igi kan, wọ́n á fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà sọ ọ́ di púpọ̀, owó gọbọi á sì jáde lórí ìwé. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ wọ́n ti gbàgbé ohun tí gbogbo ìyá tó gbin ìbẹ́pẹ sẹ́yìnkùlé mọ̀: akọ ìbẹ́pẹ kì í so.

Irú tí akọ rẹ̀ dá wà, tí abo náà dá wà, nǹkan bí ìdajì kóró rẹ̀ ló máa ń jẹ́ akọ. Kò sì sí bí ẹ ṣe lè wo ọmọ igi inú nọ́sìrì kí ẹ fojú mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbin ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ihò 1,600, nǹkan bí 800 ni kò ní í so. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ló sì máa fi ra ajílẹ̀, tó máa fi sanwó fún àwọn tó ń roko, kí òdòdó tó yọ, kí àṣírí tó tú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbin mẹ́ta-mẹ́ta sínú ihò, kí ẹ dúró de òdòdó. Akọ ló sáábà máa ń kọ́kọ́ yọ tirẹ̀: ọwọ́ gígùn ló máa nà jáde, tí òdòdó wẹ́wẹ́ á ṣù mọ́ ọn, tí á máa fì dirodiro. Ti abo kì í nà, ara igi ló máa ń lẹ̀ mọ́, ó sanra, ẹ ó sì rí èso kékeré róbótó nídìí rẹ̀. Ẹ gé akọ, ẹ fi abo kan tó le sílẹ̀. Ẹ má ṣàánú o, ajílẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Àmọ́ ẹ má pa akọ tán. Ẹyọ kan sí abo mẹ́wàá tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ tó. Nínú ihò mẹ́jọ, ó ṣeé ṣe kí akọ nìkan wà nínú ọ̀kan, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí èyí tí ẹ máa dá sí.

Àwọn kan ní ká bẹ́ akọ lórí, pé á di abo. Lóòótọ́ ó máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹni tó yáwó ní báńkì kò lè máa dúró de ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Irú mìíràn wà, bíi Solo tí wọ́n ń gbìn ní Hawaii, tí akọ àti abo jọ ń gbé inú òdòdó kan. Bí òdòdó náà bá gbà fún ara rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta kóró rẹ̀ máa jọ ọ́, ìdá kan á jẹ́ abo, kò ní sí akọ rárá. Èso rẹ̀ gùn, ó sì rọrùn láti tò sínú kéréètì. Kò burú bí wọ́n bá tà á wọ́n. Ohun tó burú ni kí ẹnì kan bu kóró nínú ìbẹ́pẹ ọjà, kó rọ ọ́ sínú ọ̀rá, kó sì gba owó irú òyìnbó lórí ẹ̀.

Lójú tèmi, ibí yìí ló yẹ kí ìjọba ti dá sí i. Òfin irúgbìn ọdún 2019 ti fún àjọ NASC lágbára lórí àwọn tó ń ta ayédèrú irúgbìn. Kí wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan bóyá irú tó ń ya akọ ni, àbí irú tí kì í yà á. Kí báńkì tó ń yá àgbẹ̀ lówó náà béèrè ìbéèrè yẹn, kó tó ka igi 1,600 sí owó.