Ikú Wo Ló Pa Ẹ́ńjìnnì Àkọ́kọ́?

Kò gba mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ju ọ̀sán kan lọ láti yọ ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kan kó sì gbé òmíràn sípò rẹ̀. Yóò da ọ́ìlì nù, yóò tú ṣéènì, yóò yọ sàìlẹ́ńsà àti kábúrétọ̀, yóò já wáyà, yóò tú bóòtù mélòó kan tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù. Ọkùnrin kan tó jẹun kánú lè dá a gbé. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀kadà tó kú láàárọ̀ ti ń dún lójú títì, ẹni tó ń gùn ún sì ti ń pe èrò Òrù. Ìyára yìí ló sọ pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì di oògùn gbogboǹṣe fún ọ̀kadà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí lọ dé etí omi lápá Abígí àti Ìwópin. Ìyára náà ló sì ń tán owó lọ́wọ́ ọlọ́kadà.

Èyí kì í ṣe ìkórìíra fún ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,400 kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Ọ̀kadà Boxer tuntun, tí ẹni tó bá rí àjọ kó ń rà tẹ́lẹ̀, di ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Epo bẹntiróòlù ti gun òkè ṣáájú ìyẹn, nígbà tí ìjọba yọwọ́ kúrò nínú ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá nọ́ọ̀kì lásìkò bí èyí kò lè máa sọ̀rọ̀ ọ̀kadà tuntun. Ó di kó tú u kó tún un ṣe, tàbí kó wá àlòkù.

Àlòkù náà kì í ti ilé kan ṣoṣo wá. Àwọn kan ti òkè òkun wọlé, wọ́n gba ọwọ́ alágbàtà kan sí òmíràn kí wọ́n tó dé Ìjẹ̀bú. Àwọn mìíràn jẹ́ ti ọ̀kadà tó forí sọ igi tàbí tó kọ lu ọkọ̀ agbégẹdú, tí férémù rẹ̀ ká, tí ẹ́ńjìnnì sì yè. Àwọn kan sì wà tí olówó wọn ṣì ń wá wọn káàkiri. Bí wọ́n bá ti tò wọ́n sórí pákó tán, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kejì wọlé láì béèrè ikú tó pa èkíní. Ìdílé tí àbíkú bá ń yọ lẹ́nu kì í kàn máa bí ọmọ lé ọmọ kí wọ́n sì máa wòran, wọ́n á ṣèwádìí. Ọlọ́kadà tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àfi kó sọ pé mẹkáníìkì náà ò mọṣẹ́. Àbíkú sọ olóògùn dèké lóòótọ́.

Kí ló ń pa wọ́n? Ọ́ìlì ni kókó. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, ó ní ti gíà lọ́tọ̀. Ọ̀kadà tó ń lo ọ́ìlì inú ikùn, irú bíi Boxer, kò ní irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀: bíi lítà kan péré ló ń ṣe iṣẹ́ pisitíìnì, iṣẹ́ gíà àti iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, òun náà ló tún ń gbé ooru kúrò níbi tó ti mú jù. Kò sí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára bíi ti mọ́tò. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ ọ̀hún kì í sì í wá àfi tí ọ̀kadà bá ń sáré. Ẹ wá wo ọ̀kadà tó kó akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ní Àgọ́-Ìwòyè, tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Olabisi Onabanjo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ní gíà kìíní àti ìkejì, tó ń dúró ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wo èkejì rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó di pákó tàbí àpò obì mẹ́ta sẹ́yìn, tó ń fi tipátipá gun òkè. Iná ni wọ́n ń dá sábẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn. Lítà ọ́ìlì kan tó yẹ kó gbà á kalẹ̀ ti dúdú bí aró, ẹni tó ni ín kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó kàn ń bù ú lé ni. Bó bá tiẹ̀ rà á, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò rí, tí wọ́n sẹ́ mọ́, tí wọ́n tún rọ sínú ike.

Ó ṣeé ṣe kí ìwà bíbù lé yìí ní ìtàn. Àwọn tó kọ́kọ́ gun ọ̀kadà fún owó gun Suzuki àti Yamaha aláriwo àtijọ́, àwọn tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo. Gbogbo ìgbà tí epo bá wọlé ni ọ́ìlì tuntun ń bá a wọlé, tó ń jóná, tó ń di èéfín. Kò sí ọ́ìlì gbígbó lábẹ́ pisitíìnì tí ẹnikẹ́ni ń pààrọ̀. Bíbù lé ni ìtọ́jú tí wọ́n mọ̀, òun náà ni wọ́n fi kọ́ àwọn tó jogún iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ ti yí padà, ẹ̀kọ́ kò yí.

Eruku ni ohun kejì tó ń pa wọ́n. Láàárín oko àti ìlú ní ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó, ilẹ̀ pupa ni, eruku rẹ̀ kúnná bí àtíkè. Fíìtà tó yẹ kó dá a dúró ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń yọ dànù kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa. Ó ń mí lóòótọ́, erùpẹ̀ ló ń fà símú. Erùpẹ̀ náà á bá ọ́ìlì pò, á di ohun ìlọta láàárín ríìngì àti bọ́lọ̀ọ̀kù. Ní apá etí omi, iyanrìn ló rọ́pò ilẹ̀ pupa, omi sì tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kadà tó bá la àbàtà kọjá tí omi sì wọnú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀ á funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹni tó bá rí ìyẹn, tó tún gùn ún délé, ti sin ín nìyẹn.

Àwọn ará Japan ti mọ irú wa tipẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Honda ṣàkíyèsí pé ọ̀kadà 125 wọn ń bàjẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn ti ń di ẹrù kọjá agbára tí wọn kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n rọ ẹ́ńjìnnì mìíràn, èyí tí wọ́n dín àwọn ohun tó ń yí lókè orí rẹ̀ kù kó lè fara da ìyà. CG125 ni, ó jáde ní àárín àwọn ọdún 1970. Àwọn ará Ṣáínà mú àpẹẹrẹ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn 125 àti 150 Ṣáínà tó ń gba títì Nàìjíríà kọjá lónìí sì jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìdí rèé tí ẹ́ńjìnnì ọ̀kan fi sábà máa ń bá férémù èkejì mu, bí orúkọ ara wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n rọ ẹ́ńjìnnì fún aláìbìkítà, aláìbìkítà náà sì tún borí rẹ̀.

Bí mẹkáníìkì bá tú ẹ́ńjìnnì tó ń tu èéfín, ohun tó sábà máa ń bá kò pọ̀. Ríìngì ti jẹ, pisitíìnì ti ha, bọ́lọ̀ọ̀kù ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Fífẹ̀ náà kì í ju ìdá kékeré nínú mìlímítà kan lọ, ó sì ní oògùn: wọn á gbé bọ́lọ̀ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní léèdì, á gbẹ́ ẹ dọ́gba, wọn á wá ra pisitíìnì tó fi 0.25 tàbí 0.50 mìlímítà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì tó jáde níbẹ̀, èèyàn mọ inú rẹ̀. Ó mọ ohun tó jẹ, ó mọ ohun tí wọ́n fi dípò.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn pípààrọ̀ yóò dáhùn pé léèdì lè gba ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin tí iṣẹ́ bá pọ̀ nílẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kọ́ ló ni ohun tó ń gùn. Ẹni tó ni ín ń retí owó rẹ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ọmọ kì í sì í dẹ́kun oúnjẹ nítorí bọ́lọ̀ọ̀kù wà lọ́dọ̀ alágbẹ́. Òótọ́ ni, ó sì wúwo. Àmọ́ ẹni tó ra àlòkù kò ra ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó yá a ni. Ríìngì inú àlòkù náà ti rìn, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ṣe rìn tó. Ẹni tó ń tà á lè da ọ́ìlì tó ki sínú rẹ̀ kí èéfín má bàa tètè yọ, kí ariwo sì rọlẹ̀ títí owó yóò fi kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ẹni tó ni ọ̀kadà tó kọ̀ láti fún ẹni tó ń gùn ún ní ọjọ́ mẹ́ta, dúkìá ara rẹ̀ ló ń bàjẹ́.

Àwọn ìgbà kan wà tí pípààrọ̀ tọ́. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá là, tí eyín gíà ti kán dà sínú, tí kíránkì ti jẹ débi pé owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odidi, kí wọ́n gbé òmíràn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wò ó dáadáa. Kí wọ́n tẹ kíkì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ṣì lágbára á ta ẹsẹ̀ padà. Kí wọ́n ti ìka bọ inú ọ́ìlì rẹ̀ kí wọ́n sì wò ó nínú oòrùn, bóyá irin ń tàn yinrinyinrin nínú rẹ̀. Kí wọ́n wo ẹnu àwọn bóòtù bóyá wọ́n ti tú u rí, bóyá gọ́ọ̀mù ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀, títí yóò fi gbóná, nítorí ẹ́ńjìnnì tútù kì í sọ òótọ́.

Kí wọ́n sì wo nọ́ḿbà. Nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọ̀kadà pẹ̀lú nọ́ḿbà ṣásì. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì láì ṣàtúnṣe ìwé ń gun ọ̀kadà tí ìwé rẹ̀ ń ta kò ó. Bí wọ́n bá sì ti fáìlì nọ́ḿbà ara rẹ̀ dànù, kò sí àwíjàre. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ àlàyé "mi ò mọ̀".

Ẹgbẹ́ ọlọ́kadà lè tún apá kan nínú èyí ṣe pẹ̀lú ìwé tí ọmọ ilé-ìwé ń lò. Ẹgbẹ́ tó mọ bí a ṣe ń já tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ lè kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kan wọlé sílẹ̀, nọ́ḿbà rẹ̀, ẹni tó tà á, àti ohun tó pa èyí tí wọ́n yọ. Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Gabriel Igbinedion tí ọ̀kadà ti jogún orúkọ, kò lè gbé ẹ́ńjìnnì kan sókè nígbà tó ṣì wà láì ní ìwé tó sọ nọ́ḿbà rẹ̀ àti iye wákàtí tó ti fò. Orúkọ nìkan ni ọ̀kadà jogún níbẹ̀, kò jogún ìwé.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo ibi tí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ ń gbà lọ. Ọlọ́kadà tí ń kánjú kì í gbé e lọ sílé. Wọ́n ń yọ iye kan fún un nínú owó èyí tó ń rà, tàbí kó fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi láì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá dínkù lọ́jọ́ kan, mẹkáníìkì á fà á jáde, á tú u, á ra ríìngì àti pisitíìnì sí i, á gbé bọ́lọ̀ọ̀kù lọ síbi léèdì, á fọ ìta rẹ̀ títí á fi dán. Ọlọ́kadà kan á dé láti Awà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì, wọ́n á sì ní ó bọ́ sásìkò, tòkunbọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.