Gọ́ọ̀mù Wo Ni Òjò Kò Ní Tú?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀rọ̀ tó kan tọ̀tún-tòsì yín la gbé wá lọ́sẹ̀ yìí.

Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀melòó kan báyìí, ìjà ti dé nìyẹn. Bẹ́ǹṣì ìta ìsọ̀ ń yẹ̀, ẹsẹ̀ tábìlì ti tú. Ìyá ọlọ́jà á ní káfíńtà rẹ́ òun jẹ. Káfíńtà á ní òjò ni, kì í ṣe òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìjà sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni kí ẹ bi léèrè.

Gọ́ọ̀mù funfun lásán tí à ń lò fún àga inú ilé, omi ara rẹ̀ ló máa ń gbẹ kó tó le. Bí omi bá tún bá a, á rọ̀ padà. Kì í ṣe ti ìta.

Ṣé èyí tó wọ́n jù la ó wá máa rà ni? Rárá o! Ẹ yí ike rẹ̀ wò dáadáa. Wọ́n kọ D2, D3 tàbí D4 sí ara àwọn mìíràn. Àmì tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ni. D3 tó fún bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ òrùlé, tí òjò kì í pa. D4 ni ti ìta gbangba, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kun igi náà ní ọ̀dà. Epoxy, ìyẹn alágolo méjì tí à ń pò pọ̀, lágbára gan-an, ó sì ń dí àlàfo, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Ibi tí igi kò bá ti bára mu ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún.

Bí ike kò bá ní àmì ńkọ́? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ lẹ pákó kékeré méjì pọ̀, ẹ há wọn mọ́ra, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 7. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọjọ́ 4. Bó bá jẹ́ ti ìta gbangba, sísè ni kí ẹ sè é nínú omi híhó fún wákàtí 6, kí ẹ tún rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún wákàtí 2. Ẹ wá gbìyànjú láti ya wọ́n. Bó bá jẹ́ ara igi ló ya, gọ́ọ̀mù yẹn dáa. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, ẹ má rà á mọ́.

Kò tán síbẹ̀ o. Igi gbígbẹ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì nu eruku kúrò. Ìrókò ní epo lára. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ gan-an ni kí ẹ fá ojú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti kun ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé jù.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé, "Gọ́ọ̀mù wo lẹ fẹ́ lò?" Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ ka owó gọ́ọ̀mù tó dáa mọ́ iye tí ẹ máa pè, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí bẹ́ǹṣì bá wó, ìyá ọlọ́jà lè fara pa, orúkọ káfíńtà á sì bàjẹ́ lọ́jà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.